Màmá wa ti jáde ní ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọkàn: kí la máa ṣe nílé tí ò fi ní di ẹ̀ẹ̀kẹta?

ỌmọAlásọÌtòkú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á dópin. Màmá mi ti pé ọdún 67, ìdí aṣọ ni wọ́n ti lo gbogbo ayé wọn ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Bípì wọn ti ga ọjọ́ ti pẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tórí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n máa ń rántí oògùn. Nígbà tó di ìparí ọdún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta jí lóru, wọn á lọ jókòó sẹ́nu fèrèsé, wọn á ní afẹ́fẹ́ ò wọlé, pílò kan di mẹ́ta, ni ará ilé bá ní ogun òru ni. Ẹsẹ̀ wú, ẹ̀gbọ́n wọn ní wọ́n tẹ nǹkan lọ́jà. A gbàdúrà, a fi epo pa ẹsẹ̀, a ṣe gbogbo ẹ̀, ìgbà tí wọn ò lè rìn láti pálọ̀ dé balùwẹ̀ láì dúró mí la tó gbé wọn lọ ọsibítù. Dókítà ní heart failure ni, pé ọkàn ò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ariwo tí àbúrò mi pa lọ́jọ́ náà, ó rò pé wọ́n ní màmá ti kú ni.

Wọ́n lo ọjọ́ 9, omi jáde lára wọn, a délé a dúpẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la tún padà. Orúnkún ló ń dùn wọ́n, wọ́n ra diclofenac, oògùn ara ríro, ní kẹ́mísì wọ́n ń lò ó. Ìnáwó kan tún wà n'Íjẹ̀bú-Òde, wọn ò lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta torí wọn ò lè máa gbé léèsì káàkiri wá ilé ìtọ̀. Wọ́n dé, ó rẹ̀ wọ́n, ni kẹ́mísì bá fa dírípù méjì sí wọn lára pé kí okun lè padà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá wa nílé.

Báyìí wọ́n ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà, èmi wà n'Íbàdàn, àbúrò mi obìnrin ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Gbogbo wa ti di dókítà, tí fóònù bá ti dún ìjà ni. Ẹ sọ fún mi, kí la máa ṣe gan-an?

OríÌyáMi:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Olúwa á fún wọn ní àlàáfíà. Mo jókòó síbí kí n lè gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ, bàbá ọkọ mi náà ń fi ìrọ̀rí mẹ́rin sùn.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
@OríÌyáMi ẹ má jókòó síbí o, ẹ gbé bàbá lọ kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ìrọ̀rí mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ orí.

@ỌmọAlásọÌtòkú ẹ kú iṣẹ́. Mo ti lo ọdún 22 ní wáàdù àgbàlagbà, irú ìtàn màmá yín yìí ni mo ń gbọ́ lójoojúmọ́, títí kan ti léèsì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ yẹn ná, torí orúkọ yẹn ń pa èèyàn kí àìsàn tó débẹ̀. Ọkàn ò tíì dúró. Ó ń ṣiṣẹ́, agbára ẹ̀ ló dín kù. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi láti kànga, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, omi tí ò rí tì síwájú á kó jọ sẹ́yìn. Òmíràn á lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn á sọ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Kíndìnrín náà á wá rò pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í há iyọ̀ àti omi mọ́ra, ọ̀rọ̀ wá di méjì. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ látàárọ̀, tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ á gba òkè padà wá sí àyà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ aago kan aago méjì òru ló máa ń bá wọn. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀.

Abẹ́òkúta tí ẹ wà yẹn gan-an, àwọn dókítà kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ò lágbára jọ níbẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2014. Ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn tó jẹ́ pé bípì ló fà á, ọjọ́ orí wọn tẹ́ẹ bá pín in dọ́gba kò ju bíi 57 lọ. Àwọn òyìnbó, wọ́n sábà máa ń kọjá 70 kó tó bá wọn. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí nílé yín.

Ti ilé: ẹ ra sìkẹ́ẹ̀lì. Kí ẹ tó ra èso, kí ẹ tó ra gbogbo ohun tí wọ́n ń polówó ní WhatsApp. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán tí wọn ò tíì jẹun, aṣọ fẹ́lẹ́ kan náà, sìkẹ́ẹ̀lì kan náà lórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gùn ún kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe iyán. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú.

Jagunlabí01:
Mo bá yín kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, kì í ṣe ìpín màmá. Ẹ bá mi wá sí ínbọ́ọ̀sì, àgbo kan wà tó ń fọ ọkàn mọ́ láàárín ọjọ́ 21, wọn ò ní nílò oògùn òyìnbó kankan mọ́.

BàbáRamọ́:
Jagunlabí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àgbo yín sílé. Mo lo irú ẹ̀ lọ́dún tí tèmi bẹ̀rẹ̀, mo pa oògùn ọsibítù tì, ọjọ́ 12 ni mo lò kí wọ́n tó gbé mi sínú mọ́tò bí àpò ẹ̀wà. Àwa tó jọ bẹ̀rẹ̀ kíliníìkì nígbà yẹn, àwọn tó pa oògùn tì nínú wa, ṣé kí n máa kà wọ́n fún yín?

Ọdún kẹfà mi rèé pẹ̀lú àìsàn yìí. Ọmọ ọdún 61 ni mí, dírẹ́bà ni mí tẹ́lẹ̀, Ṣágámù sí Èkó. Mo fẹ́ bi ọ̀gá tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n ní Kánádà, mo gbọ́ tiyín n'Íbàdàn, mo gbọ́ ti àbúrò. Màmá fúnra wọn ńkọ́? Ǹjẹ́ wọ́n mọ orúkọ oògùn wọn? Ta ni dókítà ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́ẹ bá débẹ̀?

ỌmọAlásọÌtòkú:
Bàbá, ẹ mú mi. Àbúrò mi ni dókítà ń bá sọ̀rọ̀. Màmá máa ń wo ògiri ni. Òun ló ń pín oògùn fún wọn, "funfun kékeré" àti "yẹ́lò" ni màmá ń pè é.

BàbáRamọ́:
Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Èmi náà, ìyàwó mi ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó lọ sí ìsìnkú n'Ílọrin, ọjọ́ mẹ́rin péré, mi ò mọ èyí tí mo máa lò láàárọ̀ àtèyí tí mo máa lò lálẹ́, bí mo ṣe padà sí wáàdù nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan wá jókòó tì mí, ó ní bàbá, ẹ wa mọ́tò fún ọdún 30, ṣé ìyàwó yín ló ń bá yín wo omi rédíétọ̀? Ojú tì mí. Àtìgbà yẹn èmi ni mo ń kọ kílò mi, èmi ni mo ń wọn bípì mi, èmi ni mo ń sọ fún dókítà. Dókítà mi wá kọ ọ́ sí bébà fún mi pé tó bá fi kílò méjì lé, kí n fi ìdajì Lasix, oògùn tó ń mú ni tọ̀ yẹn, kún un fún ọjọ́ mẹ́ta kí n sì pe kíliníìkì. Tèmi nìyẹn o, ẹ má lọ dá a ṣe, dókítà yín ló máa kọ tiyín.

Ti omi, wọ́n ní kí n má kọjá lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́. Píọ̀ wọ́tà mẹ́ta nìyẹn. Mo máa ń to mẹ́ta sórí tábìlì láàárọ̀, tíì wà nínú ẹ̀, ọbẹ̀ olómi wà nínú ẹ̀, tó bá ti tán ó ti tán. Tí ọ̀fun bá gbẹ màá fi omi ṣan ẹnu màá tu ú dànù. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún omi ní òǹkà o, ẹ bi wọ́n léèrè.

Àdùkẹ́Peckham:
Ẹ káalẹ́ gbogbo ilé. Ọkọ mi ló ní tiẹ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa ọkàn nìkan ló ń tọ́jú ẹ̀, ó máa ń pè é lórí fóònù tí wọ́n bá yí oògùn padà. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun: mo ra iyọ̀ kan tí wọ́n ní sodium (èròjà inú iyọ̀ gan-an) ò pọ̀ nínú ẹ̀, mo fẹ́ fi sínú bárẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Àkúrẹ́ tí òun náà ní irú àìsàn yìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n má dán an wò. Potassium, èròjà mìíràn, ni wọ́n fi rọ́pò sodium ọ̀hún, ẹni tó bá sì ń lo oògùn ọkàn bíi spironolactone tàbí ramipril, potassium ti ń dúró sára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá pọ̀ jù ó lè da ìlù ọkàn rú pátápátá. Mo fẹ́ fi ìfẹ́ pa àǹtí mi.

SúlèÌṣẹ́yìn:
Ẹ jọ̀ọ́ kí ni ká wá máa fi se ọbẹ̀ báyìí? Ìyàwó mi ní tí ò bá ti sí Magí òun ò mọ ohun tóun fẹ́ ṣe.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé ìyá tó bí ìyá ẹ̀ se ọbẹ̀ kí Magí tó dé. Ata, àlùbọ́sà tó pọ̀, atalẹ̀, ááyù, ẹfinrin, edé gbígbẹ, ẹja tí wọ́n yan tí wọn ò fi iyọ̀ sí. Irú dára ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ wò, àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́, ẹ fọ̀ ọ́. Èyí tí kò sẹ́ni tó máa ń rántí ni kán-ún. Kán-ún inú ewédú, kán-ún inú ilá, èyí tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà kíá, sodium ló wà níbẹ̀, iyọ̀ tó yí orúkọ padà ni. Mo ti rí ìyá kan tó ní òun ò fi iyọ̀ kan ẹnu láti oṣù méjì, ewédú ló ń jẹ lójoojúmọ́. Búrẹ́dì náà ní iyọ̀, indomie ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́. Ẹ da sàṣẹ́ẹ̀tì amọ́bẹ̀dùn inú ẹ̀ nù tí ẹ bá gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

SúlèÌṣẹ́yìn:
Ẹ ṣé mà. Ààwẹ̀ ńkọ́? Bàbá wa ní àwọn ò lè má gbààwẹ̀ Ramadan.

BàbáRamọ́:
Mùsùlùmí ni mí, Al-Kùránì fúnra ẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn. Mo bi álífà mi, mo bi dókítà mi, ẹnu wọn kò. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú un tọ̀ láàárọ̀ tó wá fi ọ̀sán ṣe ọ̀gbẹ ní oṣù oòrùn, kíndìnrín ló máa sanwó ẹ̀. Mo ń bọ́ tálákà dípò. Àwọn kan wà tí dókítà gbà fún tí wọ́n yí àsìkò oògùn wọn padà, ṣùgbọ́n kí bàbá lọ béèrè ṣáájú, kì í ṣe kí oṣù dé tán.

Mọ́mìTiti:
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ dá sí i. Gbogbo yín ń sọ ti àgbà, ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà tí tèmi dé, ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bí ọmọ mi. Ẹsẹ̀ wú, wọ́n ní ara ìbímọ ni. Mi ò lè dùbúlẹ̀ fún ọmọ lọ́yàn, wọ́n ní ó rẹ̀ mí ni, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó mi wọ́n ń fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná. Nọ́ọ̀sì tó wá fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló gbọ́ bí mo ṣe ń mí tó ní kí ọkọ mi wá mọ́tò níṣẹ́jú yẹn. Àìsàn ọkàn tó máa ń bá aboyún ní oṣù tó kẹ́yìn títí dé bíi oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ ni. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, ohun tó ń tì jáde ò ju 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tó dára máa ń kọjá 50. Ọdún méjì rèé, ó ti dé 52. Mo ṣì ń lo oògùn mi o. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lóyún láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bá dókítà ọkàn jókòó, torí ó lè padà. Ìyá ọkọ mi ò tíì gbà, ìjà ti ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

OríÌyáMi:
A ti gbé bàbá lọ o. Wọ́n ti dá wọn dúró. Nọ́ọ̀sìÀgbà, Ọlọ́run á ṣíjú wò yín.

ỌmọAlásọÌtòkú (lẹ́yìn ọjọ́ 8):
Mo ti ra sìkẹ́ẹ̀lì. Ìjà ló dá sílẹ̀. Àbúrò mi á ní kí màmá gùn ún, màmá á ní ṣé ẹran Iléyá ni òun ni. Ọjọ́ kejì wọ́n ní àwọn ti gùn ún, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe fídíò láti Kánádà ní aago márùn-ún òru wọn kó lè fojú rí i. Ó ti sú mi.

BàbáRamọ́:
Ẹ ti sọ àgbà obìnrin di ọmọ ilé ìwé, kí ló máa ṣe tí ò ní sá? Kí ni ìyá yín mọ̀ ọ́ ṣe jù lọ?

ỌmọAlásọÌtòkú:
Wọ́n mọ ìṣirò. Aṣọ àwìn ni wọ́n ń tà, ìwé àwìn wọn ń bẹ nínú àpótí dòní, àdìrẹ tí ẹnì kan gbé lọ́dún 1994 tí ò san tán, wọ́n lè sọ iye tó kù fún yín lójú oorun.

BàbáRamọ́:
Ẹ ti rí i. Ẹ fún wọn níwèé àwìn tuntun.

ỌmọAlásọÌtòkú (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́. Mo ṣe bí bàbá ṣe wí. Mo lọ sílé ní Sátidé, mo ra ìwé hádìkọ́fà, mo ní màmá, omi yìí ń bá yín rajà láwìn, kílò 61 lẹ fi jáde ní ọsibítù, ohunkóhun tó bá lé lórí ẹ̀ gbèsè ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n mú bírò wá, kì í ṣe bulúù, pupa wà fún gbèsè.

Ojú ìwé kan ti kún. Déètì, kílò, bípì, píọ̀ wọ́tà mélòó, iye ìrọ̀rí. Wọ́n ti mọ orúkọ oògùn wọn, wọ́n ń pe spironolactone dé ìdajì. Ọjọ́ kan ó di 62.6 ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ àdúgbò, àwọn fúnra wọn ló pe kíliníìkì, àwọn ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé jọ̀lọ́ọ̀fù ìsọmọlórúkọ ni, mo rò pé wọn ò ní sọ ọ́. Wọ́n ní tí ọjọ́ kejì bá tún lé kí àwọn wá. Kò lé. Ti léèsì náà, wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó ní tí òde bá wà kí wọ́n sún Lasix ọjọ́ náà sí ìgbà tí wọ́n bá dé ní ọ̀sán, kí wọ́n má fò ó.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà. Màmá ní kí n bi yín: láti ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lisinopril, oògùn bípì àti ọkàn, ni ikọ́ gbígbẹ ti ń ṣe wọ́n, ó wà nínú ìwé, kílò ò lé, ìrọ̀rí ò lé, wọ́n ní nítorí náà kì í ṣe omi. Àbúrò mi ní kí wọ́n dá a dúró. Màmá ní àwọn ò ní dá a dúró àfi tí àwọn bá gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sìÀgbà:
Ẹ bá mi kí màmá. Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà kékeré ni ò lè tò ó bẹ́ẹ̀. Irú oògùn yẹn máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, ó wọ́pọ̀. Kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn, kí wọ́n gbé ìwé náà lọ ní kíá, oògùn mìíràn wà tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́ tí kì í sábà fa ikọ́. Tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ìyẹn ni wọn ò gbọdọ̀ dúró wò o, kí wọ́n má lo èyí tó kàn, ọsibítù tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí èémí bá ń bọ́ nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tàbí ikọ́ wá ń mú ìfófòó tó pupa díẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá sì ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí bì, kí wọ́n pe kíliníìkì kí wọ́n tó lo oògùn ọjọ́ náà.

Àdùkẹ́Peckham:
Pupa wà fún gbèsè 😂😂 màá ra ìwé fún ọkọ mi lọ́la.

ỌmọAlásọÌtòkú (lẹ́yìn ọjọ́ 5):
Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ sí losartan. Èmi náà bá wọn lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí dókítà kọjú sí màmá tó kẹ̀yìn sí wa. Ó fi fóònù ya ojú ìwé náà láti fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Màmá bínú dé ilé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń ya ìwé àwìn èèyàn láì tọrọ àyè.

BàbáRamọ́:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mélòó ni wọ́n láàárọ̀ yìí?

ỌmọAlásọÌtòkú:
61.2. Wọ́n ní tiyín ńkọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.